Lọ́yà Tó Ń Gbé Òkè Ṣọ́ọ̀bù Mi

Nígbà tí Nagisa Tsuyuki wá gba yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta údọ̀n, núdùù ńláńlá olómi ọbẹ̀, ní Marugame nílẹ̀ Japan, mo rò pé mo ti rí ayálégbé gidi. Lọ́yà mà ni! Àṣé ọmọ náà kò ní oníbàárà kan ṣoṣo. Ó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin, ó yege ìdánwò tó gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú, àmọ́ kò sí ọ́fíìsì tó gbà á. Lọ́yà ti pọ̀ ju ẹjọ́ lọ. Tí èrò bá pọ̀ lọ́sàn-án, òun ló ń bá mi fọ abọ́, kò sì mọ̀ ọ́n fọ̀ rárá.

“Lọ́yà, ìgbà wo nìwé tó o kà yìí máa sèso?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí abọ́ yìí kọ́kọ́ mọ́ ná.”

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Ehime, ti bá a wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ó ní bí oṣù kẹta bá parí tí kò sí oníbàárà, kó dá báàjì tí lọ́yà máa ń fi sáyà padà fún ẹgbẹ́ lọ́yà, kó máa bọ̀ nílé. Ọmọ náà gbà. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Báàjì yẹn fúnra rẹ̀ wàhálà ni. Tó bá ṣì tuntun, ó máa ń dán bíi góòlù. Tó bá ti pẹ́ láyà lọ́yà, góòlù á ṣí, á ku fàdákà. Ohun tí àwọn oníbàárà fi ń mọ àgbà lọ́yà nìyẹn. Èmi ọlọ́gbọ́n ní kó jù ú sínú àpò tó ń kó owó ẹyọ sí, kó máa fara gbora kó lè tètè ṣí. Kò ní sùúrù. Ó mú wáyà tí mo fi ń fọ ìkòkò, ó fi ha á. Ẹ̀gbẹ́ kan di àwọ̀ eérú, èkejì ṣì ń kọ mànà.

“Ṣé èkúté ló jẹ ẹ́ ni?”

“Ìyá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o, ẹkún ni mò ń sun.”

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Kumashiro, apẹja tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi, ní kí n mú òun lọ sókè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tàn án lu òǹtẹ̀ rẹ̀, tá a fi ń buwọ́ lùwé níbí, sórí ìwé tí kò kà, ó sì fẹ́ gba ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀. Lọ́yà méjì nígboro ti ní kó má fi àkókò àwọn ṣòfò. Nígbà tá a dókè, ó tẹjú mọ́ báàjì Nagisa. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

“Ẹjọ́ mélòó lo ti ṣe?”

“Tiyín ni àkọ́kọ́, bàbá. Èmi ni mo ha nǹkan yìí, kí n lè jọ àgbà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó jókòó. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, bàbá Nagisa ni mo bá nídìí tábìlì. Oṣù kò tíì parí, ara rẹ̀ ni kò gbà á mọ́. Ó gbé àpótí òfìfo wá láti fi kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Mo gbé údọ̀n síwájú rẹ̀. Àjà mi fẹ́lẹ́. A ń gbọ́ Bàbá Kumashiro lókè, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, ó ń sọ ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń sọ ti ìyàwó rẹ̀ tó kú, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ti Nagisa:

“Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Mi ò kánjú. Ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.”

Bàbá rẹ̀ gbé igi tín-ín-rín méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀. Údọ̀n ń tutù níwájú rẹ̀.

“Ṣé kí n pè é wá?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é,” ó ní. “Ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Ó tẹrí ba fún mi, ó gbé àpótí òfìfo rẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé.