Ológbò Tó Ń Wúkọ́ Nínú Àgọ́ Ẹja

Èkúté ló mú ológbò wọ ilé wa. Nígbà tí ìjà àwa àti àwọn ará òdìkejì odò le, tí kò sẹ́ni tó lè gbé ọkọ̀ lọ ta ẹja bó ṣe wù ú, ẹja yíyan ń pẹ́ lọ́wọ́ wa, àwọn èkúté sì gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà. Wọ́n á jẹ orí, wọ́n á jẹ ìrù, wọ́n á wá fi àárín sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá oúnjẹ sí fún àlejò. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo sọ bàtà lù wọ́n lórí àjà tí à ń to ẹja sí lókè iná. Ẹja ló já bọ́ sómi láàárín pákó, èkúté ò já bọ́.

Lórí òpó ni abúlé wa dúró nínú omi, láàárín Máhìntẹ́dó àti òkun. Ọmọ òkè ni mí ní tèmi, láti ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọkọ ló gbé mi débẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni ọkọ mi ń ṣe nílùú òkè nígbà náà, ìjà ò sì jẹ́ kó lè máa wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la kù nílé, tí a jọ ń yan ẹja.

Àlájà tó ń ta òwú àwọ̀n lórí afárá kejì ló fún wa ní ológbò náà. Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ mi, kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń dán jù, pé àwọn ò mọ ohun tó ń wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yọ egungun ẹja fún un, tí wọ́n ń pè é ní “ọkọ mi.” Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, “ìyàwó” lásán ni wọ́n ń pe èmi.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo jowú ológbò yẹn. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ilé Màmá ti jóná nínú ìjà náà, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wọ̀n sọ. Wọ́n á jí, wọ́n á koná, wọ́n á yan ẹja, wọ́n á sùn. Ológbò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rojọ́ gbogbo ayé, títí kan ẹjọ́ mi. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn ẹní tí a fi pín yàrá, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún un pé iyọ̀ ọbẹ̀ ìyàwó yìí pọ̀ jù. Ó dára kí wọ́n bú mi ju kí wọ́n dákẹ́ lọ.

Kò pẹ́ tí ológbò fi bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Á na ọrùn mọ́lẹ̀, á ranjú, àyà rẹ̀ á máa dún hẹ̀-ẹ̀, hẹ̀-ẹ̀, bí ẹni pé nǹkan há a. Ní ilẹ̀ wa, nǹkan kan ṣoṣo ló ń há ọ̀fun: egungun ẹja. Oògùn rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: òkèlè ńlá ti púpùrù, oúnjẹ gbágùúdá wa, tí a rì bọ epo, kí ẹni náà gbé e mì láìjẹ, kí òkèlè wọ́ egungun lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe fún àgbà. Màmá di ológbò mú, èmi fi òkèlè sí i lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ fi èékánná ya mí lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ń lá epo ọwọ́ mi. Nígbà tó tún yá, bó bá ti rí wa nídìí púpùrù, ikọ́ ló máa kọ́kọ́ wú.

Mo ní, “Màmá, olè ni ọkọ yín o. Kò sí egungun kankan lọ́fun ẹ̀.”

Wọ́n ní, “Ìwọ ni olè. Fún un sí i.”

Ológbò sanra, ikọ́ ò lọ. Ó tún wá ń sín, omi ń jáde lójú rẹ̀, èkúté sì lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má lè lé e. Ìgbà tó kọ òkèlè gan-an ni ẹ̀rù bà mí. Màmá ò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo rò ó nínú ara mi pé bí ológbò yìí bá kú, ìyá yìí á padà sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn, n kò sì mọ ohun tí màá fi fà wọ́n jáde mọ́.

Àsìkò náà ni àwọn àgbà ìhà méjèèjì odò jókòó pọ̀, tí wọ́n ní ìjà ti parí. Sójà bẹ̀rẹ̀ sí í sin ọkọ̀ lọ sọ́jà. Èmi àti Màmá kó ẹja lọ sí Máhìntẹ́dó, a fi ológbò sọ́dọ̀ Àlájà pé kó kú sójú ẹni tó mọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí a padà dé, ó wà lórí òwú àwọ̀n, ó ń fi ìdì òwú kan ṣeré. Kò wúkọ́, kò sín. A gbé e délé, kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú àgọ́ ẹja tí hẹ̀-ẹ̀ tún fi bẹ̀rẹ̀.

Àgọ́ náà ni. Kí ìjà tó dé, ẹ̀gbẹ́ àgọ́ tí a ti ń yan ẹja kì í dí. Èéfín á gba òkè lọ, ẹni tó ń bọ̀ látojú òkun á rí i, á mọ̀ pé ilé ò tíì tú. Ìjà dé, èéfín kan náà ló wá ń júwe wa fún ẹni tó ń wá wa. Èéfín ẹja ni wọ́n tẹ̀ lé dé ilé Màmá, kí wọ́n tó dáná sun ún. Látìgbà náà ni gbogbo abúlé ti fi ọ̀rá tapólì bo àgọ́ pinpin, tí à ń yan ẹja nínú òkùnkùn bí ẹni ń jalè. Kò sẹ́ni tó ka èéfín sí mọ́. Èmi gan-an, mo rò pé ojú mi ti máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

Mo ní ká ṣí tapólì. Màmá ní kò ṣeé ṣe.

“Ṣebí wọ́n ti ní ìjà parí, Màmá.”

“Àwọn tó ní ó parí, ṣé àgọ́ tiwọn ni ọ̀tá máa rí?” Wọ́n gbé ológbò sí àyà. “Ó sàn kí ó wà láàyè lọ́dọ̀ Àlájà.”

Wọ́n gbé e lọ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n wọ inú àgọ́ lọ, wọ́n sì fa tapólì dé. Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Mo gbọ́ àwọn èkúté tí wọ́n ń sáré lórí àjà bí ọjọ́ ọdún.

Mo wà níta, mò ń fọ agbọ̀n, ni mo gbọ́ hẹ̀-ẹ̀, hẹ̀-ẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ológbò ti sá padà wálé. Mo fa tapólì, mo wọlé. Kò sí ológbò. Màmá ló jókòó nídìí iná, wọ́n na ọrùn mọ́lẹ̀, wọ́n fi etí ìró bo ẹnu kí n má baà gbọ́. Ikọ́ ọ̀hún gan-an ni, kò yàtọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí a ń pa lórí ti ológbò, n kò gbọ́ tiwọn rí.

Ẹkún gbọ̀n mí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi, mo ní, “Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé kí n gbé ẹ̀yin náà lọ bá Àlájà, àbí kí n lọ ro púpùrù?”

Wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ tún di ẹ̀rín. Wọ́n mú ọ̀bẹ tí a fi ń la ẹja, wọ́n dìde, wọ́n gé okùn tapólì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó já lulẹ̀ sórí pákó. Èéfín jáde wọ́ọ́, ó gòkè, ó dúró lójú ọ̀run tí gbogbo ayé lè rí.

A dúró létí afárá, a kọjú sí òdìkejì odò, a ń retí ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Kò sí nǹkan tó mì níbẹ̀. Mo ní ká wọlé. Màmá di ọwọ́ mi mú, nǹkan tí wọn ò ṣe rí.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lókè igi lọ́hùn-ún, níhà ọ̀dọ̀ àwọn tí a bá jà. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn. Èéfín ẹja ni. Ẹni tó ti yan ẹja rí kò ní ṣì í mọ̀.

Màmá wò ó títí.

“Àṣé àghan náà ń wúkọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n nàka sí àwọn tòdìkejì odò. Wọ́n tu ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n yáa lọ gbé ọkọ àwọn wá lọ́dọ̀ Àlájà.