Fúùsì wà lápò mi, iná ṣì gbé mi

Fúùsì wà nínú àpò mi, síbẹ̀ iná gbé mi lónìí.

Ilé kan lẹ́yìn Gáréèjì Ìkòròdú ni mo ti lọ tún AC ṣe. Kò síná nígbà tí mo débẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Mo yọ fúùsì nídìí mítà, mo fi í sápò, mo gun àkàbà, mo tú AC.

Àfi gbàù! Apá mi kú títí dé èjìká. Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ wo mítà. Ẹnì kan ti ki wáyà bọ ojú ibi tí mo ti yọ fúùsì!

Ìyá onílé bá jáde láti kíṣìnnì.

"Èmi ni o, ọmọ mi. Wọ́n mú iná dé, gbogbo àdúgbò ń tàn, tiwa nìkan ló ṣókùnkùn. Mo ní olè ti yọ fúùsì wa lọ."

"Mà, èmi ni mo yọ ọ́, kí iná má bàa pa mí."

"Yéè! Pẹ̀lẹ́ o. Mo tiẹ̀ ní kó o lè ríná fi dán AC wò ni."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó tó bí mi lọ́mọ? Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ AC, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Fúùsì ṣeé fi sápò. Ìyá onílé ńkọ́?