Bàbá Tó Béèrè Iyọ̀ Lọ́wọ́ Mi ní Mẹ́kà

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. N kò kàwé kọjá ìwé kẹta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Jídà, ẹ béèrè ọkùnrin Ìwó tó ń di kágò, ẹrù tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàápàá, èmi ni wọ́n ń gbé ẹrù fún.

Ìyá mi ti darúgbó nílé. Ó ní kí n fi omi Sámúsámù fọ aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin òun, kí n fi ránṣẹ́, kí ó bá òun láyé. Mo fọ̀ ọ́. Mo sá a sórí òrùlé ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò Sáhírì, ní Mẹ́kà, níbi tí àwọn ará wa ti ń wọ̀ sí tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀sán gangan ni mo gòkè lọ ká a. Oòrùn mú débi pé gbogbo òrùlé ń mì lójú mi bí omi. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò sùn.

Bàbá kan jókòó ti aṣọ náà, tòun ti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ irú èyí tí wọn kì í kọ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó rọra ní, "Ṣé ogun Hítílà ti parí?"

Mo ní ó ti parí kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ogun yẹn ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi wá gbé àwọn ní Jídà, òun ṣì ń dúró.

"Iyọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti padà sí Ìwó?"

Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé nígbà ogun yẹn, orí ìka ni wọ́n ti ń lá iyọ̀ n'Ìwó, pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá sóko kí ìjọba má baà kó wọn lọ jagun ní Bọ́mà. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Bọ́mà padà tàwọn ti bàtà ìjọba. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà kò padà. Àdúrà fìdáù ni wọ́n ṣe fún wọn, bí ẹni tó ti kú.

Ẹnu mi kò gbé jẹ́ẹ́. Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹrù Ìwó tí n kò lè gbé délé. Bó ṣe ènìyàn gan-an, mo lè gbé e."

Ó ní, "Mo gbọ́." Ó fọwọ́ kan aṣọ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mólẹ̀ mú okùn tí mo fi ń di ẹrù. Ìgbà tí n ó gbójú sókè, kò sẹ́nìkan, aṣọ nìkan ló kù.

Páálí aṣọ náà fúyẹ́ nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ pa. Ní èbúté Jídà, ará Súdáànì tó bá mi gbé e béèrè bóyá òkúta ni mo dì síbẹ̀.

Nígbà tí páálí náà dé Ìwó, àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Tépù wà bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú páálí ṣófo, àfi iyanrìn díẹ̀. Màmá wò ó títí, ó wá sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ta ló wọ aṣọ mi wálé?"

Kò pẹ́ ló kú. Aṣọ ọjà ni wọ́n fi sin ín. Títí dòní, bó bá di ọ̀sán, ẹnìkan a máa wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa n'Ìwó, a máa tọrọ iyọ̀. Àwọn ará ilé kò tíì dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di kágò, bí arúgbó bá bi yín léèrè ogun, ẹ má ṣe ìlérí kankan.

Ohun tó bá ìlérí tèmi lọ: aṣọ kan, ìyá kan, àti ilé Sáhírì tí wọ́n wó kí n tó padà lọ béèrè orúkọ bàbá náà.