Ọ̀nà Tó Gba Iwájú Ilé Bàbá Mi

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ní ọmọ-ọmọ, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo wí o, kì í ṣe Márúwá. Òwú ni mò ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn. Bí mo bá ti di òwú mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ bùbá gígùn, tí mo fi ìborùn wé orí mi dáadáa, kò sí àdúgbò tí mi ò lè dé. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé mi. Àwọn ìyá àgbà á máa ṣàdúrà fún mi bí ẹni pé Mẹ́kà ni mò ń lọ. Mo máa ń ṣe àmín, mo sì máa ń tẹ agogo fún wọn.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ahunṣọ ni wọ́n. Wọ́n á fi òfì sílẹ̀, wọ́n á di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé mi títí dé ibi tí ọ̀nà ti wọ igbó. Àwọn aládùúgbò ń béèrè pé ta ló ń kọ́ ọmọbìnrin ní kẹ̀kẹ́. Bàbá dá wọn lóhùn pé bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Nítorí kẹ̀kẹ́ yìí ni mo ṣe wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ náà ò tóbi, kò sì lówó. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí dókítà sọ fún pé bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ru, kí wọ́n máa rìn. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wa, ṣùgbọ́n ìkánjú awakọ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Iṣẹ́ wa kò ju ọ̀nà kan lọ: ọ̀nà àtijọ́ tó ti àdúgbò wa já sí Adó-Àwáyè. Àwọn bàbá wa ló ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ gbà á kí títì ọlọ́dà tó dé. Nígbà tí títì dé, igbó bo ọ̀nà. Ní báyìí tí tírélà àti ọlọ́kadà ti gba títì lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, a ní kí á padà síbi tí a ti ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aládàá á mú àdá, ọlọ́kọ́ á mú ọkọ́, a ó ṣán koríko, a ó dí kòtò tí òjò gbẹ́, a ó gbé igi tó wó kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀wẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá, ó gba abẹ́ igi irú kọjá, ó tún gba ibi tí igi ẹ̀mí, igi òrí, pọ̀ sí. Bí èso ẹ̀mí bá ti ń já bọ́, iṣẹ́ obìnrin parí lọ́jọ́ yẹn; gbogbo wa á ju àdá sílẹ̀, a ó máa ṣa ẹ̀mí, alága á máa pariwo pé ṣé ọ̀nà la wá ro àbí ẹnu la wá lá.

Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí koríko sì gbẹ, a máa ń ṣe ọjọ́ ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni oníkẹ̀kẹ́ á gun kẹ̀kẹ́, tí ẹlẹ́sẹ̀ á rìn, títí dé ẹsẹ̀ òkè Adó. A ó jẹun níbẹ̀, a ó padà wálé. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà wá. Lọ́jọ́ jíjẹ, ẹsẹ̀ gìrì nílé àńjọ̀fẹ́.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí ní. Bàbá mi ni.

Ilé Bàbá ló gbẹ̀yìn ìlú. Ọ̀nà náà gba àárín ilé àti igi dóńgóyárò tó wà níwájú rẹ̀ kọjá, abẹ́ dóńgóyárò yìí sì ni Bàbá máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Ẹ sì mọ ilẹ̀ wa: ọmọ tí wọ́n tọ́ kì í jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. O ó sọ̀kalẹ̀, o ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Ká ní ìkíni náà mọ síbẹ̀ ni, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá ṣì ń hunṣọ, ọwọ́ àti ẹnu wọn ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹ̀yìn dídùn gba òfì lọ́wọ́ wọn, ẹnu ló gba gbogbo iṣẹ́ ṣe.

"Ọmọ ta ni ẹ́?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí o bá dárúkọ bàbá rẹ, wọ́n á béèrè ẹni tó bí bàbá rẹ. Bí o bá dárúkọ ìyẹn náà, wọ́n á béèrè agbo ilé, wọ́n á kì ọ́ ní oríkì ilé yín, wọ́n á wá sọ ohun kan fún ọ nípa àwọn èèyàn rẹ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ rí. Òmíràn dùn ún gbọ́. Òmíràn, ó sàn kó wà nínú ilẹ̀ tó wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wa, bí a ṣe tò. Kí wọ́n tó dé orí ẹni ìkẹyìn, ẹni àkọ́kọ́ á ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. A gbìyànjú kí á máa tètè jáde nílé. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí.

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá bàbá alága. Alága fẹ́ràn láti máa fi bàbá náà yangàn. Ó ní bàbá náà ló kọ́kọ́ mú kẹ̀kẹ́ wọ agbo ilé wọn, pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ni kẹ̀kẹ́ wà. Kò sí ìpàdé tí a kì í ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, a mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun dání, alága sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún wọn lábẹ́ dóńgóyárò. Bàbá gbé orí sókè.

"Mo mọ̀ ọ́n," Bàbá wí. "Mo kéré nígbà náà, àmọ́ mo fojú ara mi rí i. Ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn gan-an ni. Sísọ̀kalẹ̀ ni kò mọ̀. Tó bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ti máa kígbe pé ẹ bá òun di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ bá òun dì í mú. Ọjọ́ tí kò bá rẹ́ni dì í mú, ògiri ilé wa ló fi ń dúró."

Ìfẹ́ ni Bàbá fi sọ ọ́, torí wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà. A rẹ́rìn-ín títí obìnrin kan fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Alága náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rín in.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ra òwú n'Íbàdàn. Kí n tó dé, ẹgbẹ́ ti ṣèpàdé, alága ti sọ fún wọn pé ọ̀nà wa wọ́ jù, pé ó yẹ kí á là á kó tọ́, kí kẹ̀kẹ́ lè máa sáré. Wọ́n ti la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn dóńgóyárò, nínú ilẹ̀ kan tí wọ́n ti pa tì, tí onílẹ̀ sì yọ̀ǹda. Ẹni tó bá gba ibẹ̀, bàbá mi ò lè rí ju orí rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó tù mí nínú ni pé ilẹ̀ yẹn kún fún wèrèpè. Gbogbo àwọn tó là á ló ń họra. Mo gba ilé alága lọ, mo bá a tó ti fi epo pupa para láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tó jókòó bí iṣu sísun. Mi ò ní í parọ́, inú mi dùn sí wèrèpè náà.

"Ẹ ń sá fún àgbà," mo wí fún un.

"A ò sá fún wọn, Ìyá Olówùú," ó wí, ó ń họ ẹ̀yìn ọrùn. "Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ìgbà wo la dé Adó kẹ́yìn kí oòrùn tó mú?"

Inú bí mi, nítorí òótọ́ ni. Mo kí i pé ẹ kú ìhọra, mo bá tèmi lọ.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún Bàbá, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ níta. Wọ́n ní kò burú, pé ọ̀rọ̀ ti ń rẹ àwọn tẹ́lẹ̀, pé àwọn á ráyè sinmi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń yin ìsinmi náà fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá? Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa nìkan ló gba ọ̀nà tuntun. Àwọn tó ń lọ sóko gbà á, àwọn ọmọ iléèwé gbà á, nítorí ó yá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yà síbẹ̀, mo gbọ́ tí Bàbá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pé, "Ta ló ni ẹ́? Agbo ilé wo?" Inú mi dùn pé wọ́n lálejò. Mo yọ sí wọn, ewúrẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà gorí kẹ̀kẹ́, ó dùn mí dọ́kàn.

Kò pẹ́ tí koríko fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ọ̀nà àtijọ́. Mo mú ọkọ́ wá láti ro ó, mo bá a ní ríro. Bàbá ló ro ó. Wọ́n á gbé àpótí kékeré kan sílẹ̀, wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á fi ọkọ́ ha ibi tí ọwọ́ wọn bá dé, wọ́n á sún àpótí síwájú, wọ́n á tún ha ibẹ̀, títí dé oríta tí ọ̀nà méjèèjì ti pín. Wọ́n tún ń fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń gbà á wá mọ́ ju tiwa lọ.

"Bàbá, ta lẹ ń ro ó dè?"

"Ẹni tó bá ṣìnà," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé. Àánú Bàbá ṣe gbogbo ẹgbẹ́, kálukú ní òun á máa yà kí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹni gbogbo ń retí kí ẹlòmíràn yà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan náà ò sì dé títí ọyẹ́ fi dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀nà, èrò pọ̀. Àwọn ahunṣọ fún wa ní àjákù aṣọ òkè, a so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kí á tó gbéra, mo bẹ alága pé kí á gba ọ̀dọ̀ Bàbá lónìí nìkan. Ó ní kò burú, a ó wò ó. Mo mọ "a ó wò ó" alága. Nígbà tí a dé oríta, ó tẹ agogo, ó yà sí ọ̀nà tuntun, gbogbo èrò sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ariwo. Mo kígbe pé ibí ni ẹ gbà, agogo bo ohùn mi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ọ̀dọ̀ Bàbá, èmi nìkan.

Bàbá ti múra. Wọ́n wọ bùbá funfun, wọ́n dé fìlà òfì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun. Wọ́n ti yá bẹ́ǹṣì ilé kéú, wọ́n tò ó sábẹ́ dóńgóyárò, ìkòkò omi tútù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ife. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wò ó pẹ́. Agogo àwọn ẹgbẹ́ mi ń dún kọjá lẹ́yìn igi, àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Wọ́n wò mí. Kò sí ohun tó ṣe ojú Bàbá, kò sì sí ohun tó ṣe iyè wọn. Wọ́n mọ̀ mí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn. Ẹ̀rín wà létí ẹnu wọn.

"Káàárọ̀, arìnrìn-àjò. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n fi eré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo, mo bá fara balẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ mi. Mo ní ọmọ ahunṣọ ni mí, ní ilé tó gbẹ̀yìn ìlú.

"Ta ló bí bàbá ẹ?"

Mo dárúkọ bàbá àgbà, mo sì kì wọ́n. Bàbá ní mo fo ibì kan. Wọ́n ki oríkì náà fún mi, mo sì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wá sún mọ́ mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ tú àṣírí onílé fún onílé.

"Bàbá bàbá ẹ, ọ̀nà yìí ló gbà fẹ́yàwó. Ará Adó ni ìyàwó. Gbogbo ìgbà ló ń sọ fún àwọn ará ilé pé àgùntàn òun sọnù, pé òun ń wá a lọ sápá Adó. Gbogbo ilé ń bá a káàánú. Wọn ò rí àgùntàn yẹn títí ìyàwó fi wọlé. Kò sì ní àgùntàn kankan tẹ́lẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi. Bàbá dúró kí n rẹ́rìn-ín tán.

"Èyí tó bí ẹ gan-an, mo mọ òun náà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ó ṣì ń jókòó síwájú ilé?"

"Wọ́n ṣì ń jókòó síbẹ̀."

"Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń yà kí i?"

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. Mo wo ojú ọ̀nà tí wọ́n gbá. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀, àfi ipa táyà mi.

"Èmi yà kí wọn lónìí."

Bàbá rọra mi orí. Wọ́n bu omi sínú ife kan, wọ́n nà án sí mi.

"O ṣé é," wọ́n wí. "Tó o bá rí i, bá mi kí i."

Mo gba omi náà, mo ní wọ́n á gbọ́.