Ọwọ́ Òsì ní Kíláàsì Karùn-ún

Ẹni tó bá rò pé ìwé tí èèyàn kà nìkan ni èèyàn fi ń ṣe tíṣà, kó lọ dúró níwájú ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó wá sọ tẹnu ẹ̀. Ọmọbìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kàwé débi tó yẹ kéèyàn kà á dé. Ó gboyè nínú ìṣirò ní yunifásítì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, ó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta gbáko, ó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri, kí ìjọba tó gbà á sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì karùn-ún, gbogbo ọmọ dìde kí i. Ó ní kí wọ́n jókòó. Àwọn tó wà níwájú jókòó, àwọn tẹ̀yìn ò gbọ́. Ó tún un sọ, àwọn tẹ̀yìn jókòó, àwọn tiwájú rò pé àwọn ni wọ́n tún ń bá wí, ni wọ́n bá dìde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde tí wọ́n ń jókòó títí agogo fi lù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹ-Jókòó. Láti ọjọ́ náà, ìwé ìjọba nìkan ló kù tó ń pè é lórúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́.

Kíláàsì ọ̀hún ò fẹ̀ ju yàrá àlejò ọlọ́rọ̀ lọ. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ méjì, mẹ́rin ló ń jókòó lé e, ẹni tó bá wà létí á fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ kó má baà ṣubú. Pátákó ìkọ̀wé ti ṣá, ó ti di eléérú. Bí Àǹtí bá sì fi ṣọ́ọ̀kì kàn án báyìí, á han gooro, àwọn ọmọ á fọwọ́ di etí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta ni tíṣà kíláàsì kẹfà, bàbá arúgbó kan tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, kán an sí méjì. Odindi ṣọ́ọ̀kì ló máa ń pariwo."

Ó kán an sí méjì. Ariwo dákẹ́. Ọdún mẹ́rin ló lò ní yunifásítì, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó sọ ìyẹn fún un. Lóòótọ́, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti ìgbà náà ló ti ń gba ọ̀rọ̀ bàbá náà gbọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ba Àǹtí lẹ́rù. Ọdún àkọ́kọ́, ọdún ìdánwò ni fún tíṣà tuntun. Alábẹ̀wò á wá jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á fún tíṣà ní ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀, iṣẹ́ á di tirẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ilé ọ̀hún, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ọdún mẹ́ta ló ti fi jókòó síbẹ̀. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tó fi ẹsẹ̀ wa máṣínnì títí ọmọ fi gboyè, ti gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì kọ́ sára ògiri pálọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tún kan ìṣó mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi kọ́, Màámi?"

"Ìwé tó ń bọ̀ ni. Ìṣó ti ṣáájú, ìwé á bá a."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá wọlé, ìṣó yìí ló kọ́kọ́ máa ń rí. Ojú a máa tì í, bíi pé ìṣó ń bi í ní ìbéèrè.

Nínú àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà, ọmọbìnrin kan wà tó ga ju gbogbo wọn lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tún kíláàsì karùn-ún kà. Ìyá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbálẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, òun ló ń là wọ́n bí wọ́n bá ń jà, òun ló sì ń kó ìwé wọn jọ fún Àǹtí. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá dé, á wolẹ̀. Àǹtí kì í pè é. Ó ń rò pé àánú ló ń ṣe òun.

Ìdá ni wọ́n ń kọ́ ní sáà kejì: ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin. Àǹtí ya àwòrán, ó fa ìlà, ó ṣàlàyé títí ohùn fi há. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Èwo ló pọ̀ jù, ìdámẹ́ta tàbí ìdámẹ́rin?" Kíláàsì hó pé ìdámẹ́rin ni. Ṣebí ẹẹ́rin ju ẹẹ́ta lọ? Àwọn díẹ̀ tó wà níwájú nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àǹtí bá ń bá àwọn tiwájú lọ, nítorí ìwé ètò ẹ̀kọ́ tó kọ sílẹ̀ kò ní kó dúró.

Ọ̀sẹ̀ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, ilé-ìwé gbóná janjan. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ ayé bo ibi tí ògiri ti ya. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì náà tún yọjú.

"Ọmọ mi, ṣé o ti kọ́ wọn lọ́wọ́?"

"Ọwọ́ wo, sà?"

"Há à! Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní yunifásítì yín ọ̀hún? Bí o bá béèrè ìbéèrè, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ nawọ́, kí alábẹ̀wò rí i pé kíláàsì jí pépé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó na ọ̀tún. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, kó na òsì. Ìwọ á wá máa pe ọ̀tún nìkan. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi í gbayì."

Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Nígbà tó délé tó rí ìṣó, ó pa ẹnu ọkàn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó kọ́ wọn, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí eré òṣùpá.

Alábẹ̀wò dé. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, tó ń fi ojú gbọọrọ wo nǹkan lókè awò ojú rẹ̀. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kíláàsì, ó gbé fáìlì lé orúnkún. Àǹtí béèrè ìbéèrè kìíní, ọwọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ sókè. Ó pe ọ̀tún, ó gba ìdáhùn tó mọ́gbọ́n wá. Ìkejì náà lọ geerege. Àyà Àǹtí ti ń balẹ̀. Ó wá béèrè èyí tó pọ̀ jù, ìdámẹ́ta tàbí ìdámẹ́rin. Ọwọ́ tún lọ sókè bí igbó.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà pe ẹnì kan," ni alábẹ̀wò wí. Ó fọwọ́ kan èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Ìwọ, sọ fún wa."

Ìyá Kíláàsì dìde. "Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n? Ṣebí o nawọ́?"

"Òsì ni mo nà, mà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló na ọ̀tún."

Kò sọ ọ́ láti fi ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó ń ṣàlàyé fún àlejò ni, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Ilẹ̀ ì bá lanu, Àǹtí ì bá wọlé sínú ẹ̀. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀?" ni alábẹ̀wò bi Àǹtí.

Ara ògiri kan náà ni kíláàsì Bàbá Ṣọ́ọ̀kì wà, Àǹtí ń gbọ́ ohùn bàbá náà níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Àǹtí ní, "Èmi ni, mà."

Alábẹ̀wò ò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú. "Èmi náà ṣe é nígbà tí mo jẹ́ tíṣà. Ẹ ní kí wọ́n tún nawọ́, kẹ́ ẹ wá ka òsì fún mi."

Àǹtí kà á. Mọ́kànlélógójì ni. Látìgbà tó ti ń wo ọwọ́ wọ̀nyí, ọ̀tún nìkan lojú rẹ̀ ń rí. Gbogbo sáà yìí, ọmọ méjìlélógún ló ń kọ́, tí ohùn rẹ̀ sì ń há nítorí mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Omi lé ròrò sójú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Mi ò ní buwọ́ lu ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀ yín lónìí," ni alábẹ̀wò wí lẹ́nu ọ̀nà. "Màá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí mo bá tún bá a bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sílé nìyẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìyá ò kúrò lẹ́nu máṣínnì. Ó já òwú, ó ní, "Bí mo bá rán aṣọ tí kò bá ẹni tó ni ín mu, ṣé màá máa yìn ín pé ó dáa lára ẹ̀ ni? Ṣe ni màá tú u. Lọ tú u, ọmọ mi."

"Ìṣó yẹn ńkọ́, Màámi?"

"Ṣé ìṣó ń jẹun ni? Jẹ́ kó dúró."

Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí dúró níwájú wọn. "Ọwọ́ òsì ò lọ o. Ẹni tí kò bá yé, kó na òsì. Ṣùgbọ́n láti òní, òsì ni n óò máa kọ́kọ́ pè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó wá tún béèrè ìbéèrè tó dá wàhálà sílẹ̀. Ọwọ́ òsì gígùn kan lọ sókè láti ẹ̀yìn.

Àǹtí ya ojú ewé méjì kúrò nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà bá rí i, igbe ni ì bá ké. Ó ya ìkínní sí mẹ́ta ọgbọọgba, ó ya ìkejì sí mẹ́rin, ó fi ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé Ìyá Kíláàsì lọ́wọ́. Ọmọ náà wò wọ́n títí.

"Bá a bá jẹ́ mẹ́ta tá a pín in, tèmi á pọ̀ ju ká jẹ́ mẹ́rin lọ. Àbí, Àǹtí? Ṣé gbogbo ohun tí ẹ ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Ohun tí kò ju yíya ìwé lọ, ọjọ́ mélòó ló ti fi pariwo lórí ẹ̀! Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ò yá mọ́. Ohun tí ìwé ètò fún ní ọjọ́ kan, wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì Àǹtí ti di ibi tí ẹ̀kọ́ kan kì í ti í tán. Síbẹ̀, bàbá náà máa ń wá dúró lójú fèrèsé lọ́sàn-án, á ní atẹ́gùn lòun ń gbà.

Oṣù mẹ́ta pé. Alábẹ̀wò tún jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Àǹtí béèrè pé, bí a bá ro ìdajì àti ìdámẹ́rin pọ̀, kí ni yóò jẹ́? Ọ̀tún pọ̀ lọ súà. Òsì mẹ́rin péré ló wà ńbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti Ìyá Kíláàsì.

Àná òde yìí ni ọmọ náà ṣe irú ìṣirò yìí lójú pátákó láìṣì í! Bí Àǹtí bá gbójú kúrò, tó pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tún, ta ni yóò mọ̀? Ó rántí ìṣó. Ó rántí pé òsì lòun ní òun óò máa kọ́kọ́ pè. Ó pè é.

"Ó yé mi, Àǹtí," ni Ìyá Kíláàsì wí.

"Kí ló wá dé tí o fi na òsì?"

"Ẹni tó jókòó tì mí ni kò yé. Ojú ń tì í nítorí àlejò. Mo bá a na tiẹ̀ ni."

Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, ọmọbìnrin kékeré kan ti fọwọ́ bojú. Àǹtí na ṣọ́ọ̀kì sí Ìyá Kíláàsì. Alábẹ̀wò ti ṣí fáìlì lórí orúnkún rẹ̀, ó ń buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n Àǹtí ò wo ibẹ̀. Ọmọ náà ló ń wò. Ìyá Kíláàsì gba ṣọ́ọ̀kì, ó kán an sí méjì, ó sì fi ìdajì lé ẹni tó jókòó tì í lọ́wọ́.

"Dìde," ló ní, "àwa méjèèjì la máa ṣe é."