Páálí Ọta Tí Mo Dà Pọ̀

Inú asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ omi pasta ni mo ti kọ́kọ́ rí wọn: èèpo ọta, èyí tó máa ń jábọ́ tí wọ́n bá ti yìnbọn tán. Wọ́n kún asẹ́ dẹ́nu, wọ́n ń dán, omi ṣì ń ro tótó lára wọn. Badante ni mí nígbà yẹn, èmi ni mò ń tọ́jú bàbá arúgbó kan ní Barriera di Milano, ní Torino, ní ilẹ̀ Ìtálì, mi ò sì tíì lo oṣù kan lọ́dọ̀ wọn. Mo ní, yéè, ọ̀dọ̀ apànìyàn ni mo wá ṣiṣẹ́ sí.

Níbi tí mo ti wá, ọlọ́pàá, ọdẹ àti olè ló ń ní ọta nílé. Bàbá yìí kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú, ìbọn yínyìn ló kù tó ń mú inú wọn dùn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé wọ́n á gbé báàgì, ó di poligono, níbi tí àwọn àgbàlagbà bíi tiwọn ti ń tò lórí ìlà, tí wọ́n ń yìnbọn sí ìwé tí wọ́n gbé kọ́. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á ṣa èèpo ọta wálé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá rọ ẹ̀tù tuntun sínú rẹ̀ ní cantina, yàrá ìsàlẹ̀ ilé.

Ètò wọn kì í ṣe kékeré. Páálí kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tirẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọta náà, irú ẹ̀tù tó wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Wọn kì í da ti òní mọ́ ti àná, àní kó ku ọta mẹ́ta péré nínú páálí. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi o.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ní kí n bá àwọn gbá cantina. Wọ́n ti gbàgbé kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ọta sí ní ṣíṣí. Mo yọjú wò ó: páálí àbọ̀ níbí, páálí àbọ̀ lọ́hùn-ún. Ara mi ò gbà á. Nílé wa, ìyá mi kì í jẹ́ kí agolo iyọ̀ àbọ̀ méjì dúró ti ara wọn; ọmọbìnrin tó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ni. Mo bá da páálí mẹ́ta pọ̀ di méjì, mo tò ó kó gún régé, mo ki àwọn ìwé pélébé sí àpò épírọ́ọ̀nù mi. Inú mi tún ń dùn. Èmi onímọ̀ọ́tótó!

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo fẹ́ fọ épírọ́ọ̀nù náà ni mo bá yọ àwọn ìwé yẹn. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ̀kan. Ìtálì tí mo ń sọ ju èyí tí mo lè kà lọ, mo wá ń fi ìka tẹ̀ lé e: da smontare, NON SPARARE. Títú ni kí wọ́n tú àwọn ọta yẹn, wọn ò gbọdọ̀ yìn wọ́n. Mo ti dà wọ́n mọ́ èyí tó dáa, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ èwo ni èwo mọ́.

Bàbá wà ní pálọ̀, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Dípò kí n lọ bá wọn, mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe irun ní San Salvario lórí WhatsApp. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá Bàbá ti fọwọ́ sí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi tuntun. Mo ní Mọ́ńdè ni. A jọ mọ̀ ọ́n: láìsí contratto, kò sí permesso, ìwé ìgbélùú, kí n palẹ̀ ẹrù mọ́ ló kù.

Ó ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n máa fi ẹ̀tù ṣeré ni?"

Mo pa á mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá gbé báàgì wọn, wọ́n jáde. Mo ń lọ aṣọ. Mo tẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn sórí tábìlì, ni mo bá rò ó pé bí ọta bá bú nínú ìbọn, ọwọ́ tó ń wọ ibí yìí ló máa kọ́kọ́ lọ, ojú á sì tẹ̀ lé e. Mo pe fóònù wọn, inú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì ló ti ń dún. Mo sáré jáde tèmi ti sílípáàsì.

Bọ́ọ̀sì yẹn ń rìn bí ìgbín. Lẹ́nu ọ̀nà poligono, ọkùnrin kan ní kí n mú ìwé mi wá. Èmi tí ara mi máa ń gbọ̀n bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí n mú ìwé wá, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí Bàbá lórí ìlà, wọ́n fi nǹkan dí etí, wọ́n na ìbọn síwájú. Mo figbe ta ohun tí mo kà nínú ìwé tí wọ́n fi bírò pupa kọ: "Non sparare!" Ọ̀gá ibẹ̀ ló fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n ti yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ọta mẹ́rin ṣì wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ pé mo da àwọn páálí pọ̀. Ojú wọn funfun báláú. Wọ́n yọ ọta mẹ́rin yẹn kúrò nínú ìbọn, a sì kó gbogbo ọta wálé.

Ní Sánńdè, wọ́n ní kí n wá jókòó. A tú gbogbo ọta inú páálí méjèèjì lórí tábìlì kíṣìnnì. Wọ́n á fa orí ọta yọ, èmi á da ẹ̀tù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kékeré. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé fóònù ló dún nígbà tí àwọn ń rọ ẹ̀tù lọ́jọ́sí. Ìgbà tí àwọn padà dé ìdí iṣẹ́, àwọn ò rántí bóyá àwọn ti rọ ti ọta tó kàn; bí wọ́n bá sì rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn lè bú mọ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ya odidi páálí náà sọ́tọ̀. A tú u títí, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá ku mẹ́rin tí wọ́n yọ kúrò nínú ìbọn, tí wọ́n kó sínú àwo kọfí.

Àkọ́kọ́ pé. Èkejì, bí mo ṣe da ẹ̀tù rẹ̀ sílẹ̀, ó kún, ó di ìlọ́po méjì. Bàbá yọ awò ojú wọn.

Wọ́n ní, "Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ nítorí contratto. Ìwọ, bí o ṣe mọ̀ báyìí, o sáré wá."

Wọ́n fọwọ́ sí i ní Mọ́ńdè. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Wọ́n ti kú báyìí. Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ, ojú wọn pé méjì, ọwọ́ wọn pé méjì. Títí wọ́n fi kú, mi ò sọ fún wọn pé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo ti ka ìwé náà, tí mo sì gbé oúnjẹ fún wọn, tí mo ní ó dàárọ̀.