Ìyá Aránṣọ Tí Kò Kọ Ebè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Aránṣọ fi rán aṣọ ibùsùn ní ọsibítù, iṣẹ́ náà sì ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní eegun ẹ̀yìn, dókítà sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá mú un wá sílé ara rẹ̀. Ilé dára, ọmọ dára, ìyàwó ọmọ náà ò sì níwà burúkú kankan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Bó bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á. Bó bá sún mọ́ abọ́ tó dọ̀tí, "Màmá, ẹ lọ jókòó." Ẹni tó ti ń bọ́ ara rẹ̀ láti ọmọ ogún ọdún, ẹ wá gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ bí ẹrù tí olówó rẹ̀ ò tíì wá gbé. Ta ló fẹ́ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó jẹ́ tirẹ̀ ni abala ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi, níbi tí wọ́n ti pín ilẹ̀ wẹ́wẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ dáko. Kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ fún un níbẹ̀ pé kó lọ jókòó.

Ẹ máa ní báwo ni ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe máa kọ ebè. Kò kọ ọ́. Ní ọsibítù, ẹ̀yìn yàrá ìránṣọ ni wọ́n ń da ewé gbígbẹ sí, ibẹ̀ náà ni àwọn ará kíṣìnnì ń sọ pòtétò tó bá bàjẹ́ sí. Lọ́dọọdún ló ń rí i láti ojú fèrèsé pé pòtétò hù nínú ewé yẹn, ó sì ta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kàn án. Ó fi sínú.

Nígbà tí ilẹ̀ dọ́wọ́ rẹ̀, ó tọrọ páálí kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ wọn lé koríko lórí, ó jẹ́ kí etí ọ̀kan gun èkejì dáadáa, torí aránṣọ mọ̀ pé ibi tí etí bá ti kéré, ibẹ̀ ló máa ń tú. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọ̀bẹ dá ihò sí páálí, ó ki pòtétò tí ojú rẹ̀ ti ń yọ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó wá da ewé àti koríko gbígbẹ bò ó títí tó fi ga dé orúnkún. Bí ewé pòtétò bá ti yọrí, á tún da koríko sí i, kí oòrùn má baà rí èyí tó ń ta nísàlẹ̀. Pòtétò tí oòrùn bá rí á di àwọ̀ ewé, á sì korò.

Àwọn tí oko wọn wà nítòsí sọ ọ́ ní Ìyá Onítìmùtìmù. Onígbàjámọ̀ tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa béèrè pé, "Màmá, ṣé pòtétò yín ti sùn?"

"Ó ti sùn," ni ìyá máa dáhùn. "Kì í sì í hanrun bíi tìẹ."

Èyí tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ti Alága, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bójú tó gbogbo ilẹ̀ náà. Ebè tirẹ̀ tò lọ gbọnrangandan. Lójú rẹ̀, àgbẹ̀ tí kò bá làágùn, ọ̀lẹ ni. "Màmá, ekúté lẹ̀ ń sìn níbí," ló wí. "Tó bá fi máa di Sátidé tó parí oṣù tí ẹ ò tíì ro ilẹ̀ yìí, ẹlòmíì ló máa gbà á."

Ọmọ Ìyá Aránṣọ gbọ́, ara tù ú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á, Màmá, kí ọkàn lè balẹ̀."

"Ọkàn ta ni?" Ìyá fi àáké kọ́rí. Inú bí i, ó sì dùn ún, torí ọmọ yẹn ò kórìíra rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ń sé e mọ́lé.

Sátidé pé. Alága dé tòun ti ìwé lọ́wọ́, àwọn alóko tẹ̀ lé e wá wòran. Ọmọ ìyá náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Alága na ìka sí pátákó ẹnu ọ̀nà, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ENI TO BA GBA ILE GBODO RO O. Lẹ́tà rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, kò sí àmì lórí ẹyọ kan.

"Ẹ kà á fún mi," ni Alága wí.

Ìyá Aránṣọ wọ jígí rẹ̀, kò kánjú. "Ẹni tó bá gba ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rò ó."

"Ro ó!" ni Alága kígbe.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi ni mo kà á. Mi ò rí àmì tó ní kí n gbé ọkọ́. Mo sì ti rò ó, Alága. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò ó lójú fèrèsé. Nínú gbogbo ẹni tó dúró síbí, ta ló rò ó tó mi?"

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Ojú Alága pọ́n. "A kì í jẹ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ṣí i. Tí kò bá sí nǹkan nísàlẹ̀, òní lẹ máa jáde."

Ìyá fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ṣí ewé orí ihò àkọ́kọ́. Ekúté ti jẹ méjì, ẹyọ kan tó kù ò tó ẹyin ẹyẹlé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ẹ̀rù bà á. Ó na ọwọ́ sí ìkejì.

Ilẹ̀ abẹ́ ibẹ̀ dúdú, ó tutù, ekòló ń rìn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ebè àwọn tó kù ti sán nítorí ọ̀dá. Ó fi ìka wá a. Pòtétò méje jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Ìkẹta, mẹ́sàn-án. Onígbàjámọ̀ mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Kò sójú ọgbẹ́ kankan lára ẹ̀," ló wí. "Tèmi, ìdajì ni ọkọ́ máa ń bẹ́."

Alága ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ lọ́la, n ó tún pátákó yẹn kọ, n ó sì fi àmì sí i."

"Ẹ fi sí i dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, n ó tún wá kà á."

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rọra sọ pé, "Màmá, ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ìwọ máa lọ. Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Kò gbójú sókè. Ó ti ń ṣa àwọn tí ojú wọn pọ̀ sọ́tọ̀ lójú Alága, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣa á tán, ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Orí ewé mi lẹ dúró sí."

Alága wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì sún.